Ta Ni A Ń Bẹ̀rù ní Bodè?

Bí a bá dárúkọ bodè nínú ilé wa, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni àpò ìrẹsì, ọkọ̀ tòkúnbọ̀, tòlótòló inú yìnyín, àti àwọn aṣọ́bodè tí wọ́n ń lé ọkọ̀ ní eré àsápajúdé. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń béèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù: irú ewu wo gan-an ni ó ń gba bodè wọlé, ta ni yóò sì kọ́kọ́ fara gbá a? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá àti sójà nìkan. Ó kan ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì ní Kútọnu. Ó kan ìyàwó tí ń retí ọkọ rẹ̀ tí ó lọ ra ọjà ní Dantokpa. Ó kan àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ fẹ̀yìn ti òpó ààlà, tí kò sì mọ ẹni tí òun yóò bá nínú igbó bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ náà kan èmi pẹ̀lú. Ìdílé ìyá mi wà ní Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn; àwọn ẹbí wa mìíràn wà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Bí àgbà kan bá papò dà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kejì ní láti wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn. Láti kékeré ni mo ti ń kọjá ààlà yìí, mo sì ti bá ọlọ́jà, awakọ̀, ọdẹ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí ó yé mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni ń rin ọ̀nà yìí. Èkíní ni ẹbí àti aládùúgbò tí ń lọ síbi ìnáwó, sọ́jà tàbí sóko. Èkejì ni onífàyàwọ́ tí ń sá fún owó bodè. Ẹ̀kẹta ni ọ̀daràn paraku: ẹni tí ń kó ìbọn, ẹni tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ, ajínigbé àti agbésùnmọ̀mí. Ìjọba tí kò bá ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́tọ̀ yóò máa lo agbára rẹ̀ lórí àwọn méjì àkọ́kọ́, ẹni kẹta yóò sì máa rí ọ̀nà kọjá.

Ààlà ni ó wá bá wa nílé

Kò sí bí a ṣe lè wọn ewu ibẹ̀ bí a kò bá mọ bí ààlà náà ṣe débẹ̀. Ní ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ìlà tí yóò pín ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní agbègbè yìí. Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́, tí a mọ̀ sí Porto-Novo lónìí, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ara ilẹ̀ Kétu láti ayébáyé, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá tilẹ̀ di méjì: ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, èkejì wà ní Benin. Nígbà tí ó di ọdún 1898, wọ́n pín ilẹ̀ Borgu ní apá òkè bákan náà. Nikki lọ sọ́dọ̀ Faransé, Busa sì lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ni ó kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1976 ni ó jáde. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé ní ayé àmúnisìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sá láti ẹ̀gbẹ́ Faransé wá sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí tí ó wúwo, àti bí wọ́n ṣe ń fi tipátipá mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Lójú àwọn tí ó sá wá nígbà náà, ibi ìsádi ni ààlà jẹ́. Ẹni tí ó bá fi àlejò tí ó sá wọlé lóru pamọ́, oore ni ó ṣe.

Àṣà ìgbàlejò yẹn kò tíì kú. Ó dára, ó sì yẹ kí a máa dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ọ̀daràn òde òní ń fara pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá dé lóru lónìí lè jẹ́ ìbátan, ó lè jẹ́ ẹni tí ogun lé, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ń wá ibi tí yóò kó ìbọn sí. Àwọn ará ìlú nìkan ni ó lè mọ ìyàtọ̀ kíákíá, nítorí àwọn ni ó mọ ẹni tí ó ní ẹbí ládùúgbò àti ẹni tí kò ní.

Bí a ṣe ń wọn ewu

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ètò ààbò máa ń béèrè ohun mẹ́ta bí wọ́n bá fẹ́ wọn ewu. Èkíní: ta ni ó ní èrò ibi, tí ó sì ní agbára láti ṣe é? Èkejì: ibo ni àlàfo wà tí ó lè gbà wọlé? Ẹ̀kẹta: bí ó bá ṣe é, kí ni yóò bàjẹ́? Ìyá wa tí ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ń ṣe irú ìṣirò yìí láìmọ̀. Ó mọ̀ pé eku ń wọlé lójoojúmọ́, olè kò sì wọlé láti ọdún tó kọjá, síbẹ̀ kì í tìtorí eku gbàgbé àgádágodo.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo bodè. Ìrẹsì fàyàwọ́ ń wọlé lójoojúmọ́. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ń pa àgbẹ̀ tí ń gbin ìrẹsì nílé lára. Ìpalára ni, a kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò ìbọn kan ṣoṣo tí ó bá gba inú igbó kọjá lè sọ abúlé kan dahoro. Bí a bá ń fi iye ẹrù tí a gbà díwọ̀n bí ọwọ́ wa ti tẹ ewu tó, ìrẹsì ni yóò máa gba ipò kìíní títí láé, nítorí òun ni ó pọ̀ jù, tí ó sì rọrùn jù láti mú. Àpò ìrẹsì kì í sá wọ igbó. Bí aṣọ́bodè bá to ẹgbẹ̀rún àpò síwájú àwọn oníròyìn, ó ti ṣiṣẹ́ owó orí. Kò tíì sọ fún wa bóyá ọmọ wa lè sùn dọ́kàn.

Ìlà kan, ewu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ààlà Nàìjíríà àti Benin gùn tó kìlómítà 809. Ó bẹ̀rẹ̀ létí òkun, ó kan ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Kwara, Niger àti Kebbi. Àṣìṣe ńlá ni láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ibi kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ojú títì ńlá tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Abidjan ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018 ni ààrẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣí ibùdó àjùmọ̀lò ní Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìhà méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lójú kan. Èrò tí ó dára ni. Ewu tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni owó ẹ̀yìn, ìwé ìrìnnà ayédèrú, àti àwọn tí ń kó ọmọbìnrin àti ọmọdé lọ fún òwò ẹrú. Ọ̀sà àti odò tí ó yí agbègbè Àgbádárìgì ká sì fún ẹni tí kò fẹ́ gba ojú títì ní ọ̀nà mìíràn.

Ní Ìdí-Ìrókò àti ilẹ̀ Yewa, ọ̀nà inú igbó kò lóǹkà. Ibẹ̀ ni ìrẹsì, ọkọ̀ àti epo bẹntiróòlù ti ń kọjá jù. Ìbọn ń dún níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín aṣọ́bodè àti onífàyàwọ́ ni. Àárín wọn ni àwọn ará ìlú wà. Ọta ìbọn tí ó ṣìnà ti pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní àwọn ìlú bodè wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fún ìyá tí ń gbé ibẹ̀, eré tí wọ́n ń fi ọkọ̀ sá àti ìbọn tí ó ń tẹ̀ lé e ni ewu tí ó sún mọ́ ọn jù.

Bí a bá ti kọjá Ìmẹ̀kọ lọ sí Òkè-Ògùn, títí dé Ṣakí, ewu náà yí padà. Igbó pọ̀, ìlú jìnnà síra, ọ̀nà kò dára, òṣìṣẹ́ ìjọba kò tó nǹkan. Àgbẹ̀ ń bẹ̀rù ajínigbé ju aṣọ́bodè lọ. Ìdí nìyí tí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn fi dùn nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, tí wọ́n sì gba àwọn ọdẹ tí ó mọ igbó wọ inú rẹ̀.

Ní òkè pátápátá, ní Baruten àti Borgu, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àwọn igbó ọba tí ó tóbi púpọ̀ wà níbẹ̀: ti Kainji ní Nàìjíríà, àti igbó W tí ó wà ní Benin, Niger àti Burkina Faso. Àwọn agbésùnmọ̀mí tí ń jà ní Sahel ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀nà ibẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe ọdún 2025, wọ́n pa sójà Benin 54 ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè náà. Ẹgbẹ́ JNIM ni ó sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, ẹgbẹ́ kan náà kéde pé àwọn ti ṣe ìkọlù àkọ́kọ́ wọn lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ibi tí ó jìnnà sí ọ̀nà ìrẹsì nìyí. Síbẹ̀, bí a bá gbé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa lé e, kò sí ibòmíràn ní ààlà yìí tí èrò ibi, agbára àti àlàfo ti pàdé ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ti ìlẹ̀kùn pa

Ohun tí ìjọba wa sábà máa ń ṣe ni kí ó ti bodè pa. Ó ti í ní ọdún 1984, kò sì ṣí i títí di ọdún 1986. Ó ti ti Benin fún ìwọ̀nba ọjọ́ ní oṣù Ògún ọdún 2003, nítorí àwọn ọlọ́ṣà tí ń jí ọkọ̀ ní Nàìjíríà tí wọ́n sì ń sá lọ sí ìkejì ààlà. Ti 2003 yẹn ní ìdí kan pàtó, ó sì mú kí àwọn aláṣẹ ìhà méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ kíákíá.

Ti ọdún 2019 yàtọ̀. Ní oṣù Agẹmọ, Nàìjíríà buwọ́ lu àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà; ní oṣù Ògún, ó ti gbogbo bodè orí ilẹ̀ mọ́ ọjà. Oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2020 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Láàárín àkókò náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹbí mi ní Ìmẹ̀kọ wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ. Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́, owó ọkọ̀ ga sókè, àwọn tí kò fa kẹ́ẹ̀gì epo rí láyé wọn sì ń sanwó ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Oúnjẹ wọ́n jákèjádò Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀nà inú igbó kò ní ilẹ̀kùn tí a lè tì. Ọlọ́jà tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ni ó dúró sílé. Ẹni tí kò ní ìwé tẹ́lẹ̀ rí ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Èbìbí, epo kpayo tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Benin gbówó lérí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èrè fàyàwọ́ epo sì dínkù. A kò yin ìbọn kan kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. N kò sọ pé ìyọkúrò náà kò ni wá lára. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú wa rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyàtọ̀ iye owó ni ó bí fàyàwọ́, ètò owó sì ni ó lè wò ó sàn. Ìbọn kò lè ṣe é. Bí a bá gba bẹ́ẹ̀, ìbọn yóò ráyè kọjú sí ibi tí ó yẹ.

Àwọn ọmọ tí ń kọjá

Ewu kan wà tí kì í dún bí ìbọn. Ní ọdún 2003, wọ́n rí ọ̀pọ̀ ọmọdé láti Benin ní àwọn ibi ìfọ́kúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sílé. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn kò tíì le ni wọ́n ń gbẹ́ òkúta, tí wọ́n ń fọ́ ọ fún àwọn tí ń kọ́lé. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Ní ọdún 2005, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn lórí dídáàbò bo àwọn ọmọ.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹnì kan tí a mọ̀ yóò wá bá òbí tí kò rí jẹ, yóò ní òun yóò mú ọmọ lọ síbi tí yóò ti kọ́ṣẹ́ tàbí tí yóò ti máa gbé pẹ̀lú ọlọ́lá. Nínú àṣà wa, kì í ṣe òbí nìkan ní ń tọ́ ọmọ. Nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fura. Ọmọ yóò gun ọ̀kadà kọjá, kò sí ìwé, kò sí àkọsílẹ̀. Ibi tí aṣọ́bodè ti ń tú ẹrù ìyá arúgbó wò, ọmọ yóò kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹni tí ó béèrè orúkọ rẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí n sọ pé ohun tí a bá ń wá ni a máa ń rí.

Ìdí tí ẹnu fi dákẹ́

Ọdẹ àgbà kan sọ fún mi ní ilẹ̀ Kétu pé òun ti rí àwọn àjèjì lórí alùpùpù nínú igbó, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò jọ ti ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Mo bi í bóyá ó sọ fún aláṣẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ó sọ irú rẹ̀ ní ìgbà kan sun àtìmọ́lé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní báwo ni ó ṣe mọ̀. Ìyá ọlọ́jà kan tí a jọ wọkọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ sọ tirẹ̀ fún mi: ní gbogbo ibi tí wọ́n ti dá wa dúró, owó ni wọ́n bi òun, kò sí ẹni tí ó bi òun ní ohun tí òun rí lọ́nà. Yorùbá ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Bí ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ọ́ bá ń já ọ gbà, o kò ní fi àṣírí ìlú hàn án.

Ẹ̀mí ni ìdákẹ́jẹ́ yìí lè gbà. Kò sí kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ tí ń fò lójú ọ̀run tí ó lè mọ igbó bí ọdẹ, kò sì sí ìwé tí ó lè mọ àlejò bí ìyá ọlọ́jà. Ní ayé àwọn baba wa, oníbodè ń gba owó ẹnubodè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún mọ ẹni tí ó wọlé, ibi tí ó ti wá àti ilé tí ó ń lọ. A ti di gbígba owó mú, a sì ti jẹ́ kí mímọ ènìyàn bọ́ sọnù.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Ìjọba ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Kí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀ jù ní ojú títì lọ sí àwọn igbó tí kò ní ẹnìkan. Kí òṣìṣẹ́ ìhà méjèèjì ní nọ́ńbà ara wọn, kí wọ́n sì ní ẹni tí ó gbọ́ èdè ara wọn. Yorùbá àti Bàrùbá lè ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò lè ṣe níbẹ̀. Kí wọ́n dáàbò bo ẹni tí ó bá mú ìròyìn wá, kí orúkọ rẹ̀ má ṣe hàn síta. Kí ọ̀nà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn sì dé ìlú bodè, kí ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ibẹ̀ lè rí iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí fàyàwọ́.

Àwa náà nínú ẹbí ní tiwa. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa, kí a sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ó béèrè ìwé ìrìnnà tí ó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ jẹ́ kí a ní wọn, kí a sì gba ojúlówó bodè. Ọ̀nà inú igbó lálẹ́ kò yẹ ọmọ èèyàn. Ẹ má ṣe bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ gbé ẹrù, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú ọmọ kọjá, ẹ béèrè ilé tí ó ń lọ, ẹ bá ẹni tí yóò gbà á sọ̀rọ̀, ẹ sì ṣe àbẹ̀wò lẹ́yìn oṣù kan. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò gbọ́ èdè àdúgbò bá dé ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ béèrè òbí rẹ̀. Bí àjèjì bá pàgọ́ sínú igbó yín, ẹ sọ fún baálẹ̀, fún olórí ọdẹ àti fún aláṣẹ tí ẹ bá fọkàn tán; ẹ má ṣe dá a sọ, ẹ lọ pọ̀.

Ogiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwa àti àwọn ìbátan wa ní ìkejì ń ríra, tí a ń sọ̀rọ̀, tí ìjọba méjèèjì sì ń gbọ́ wa, ọ̀daràn yóò rí i pé kò sí ibi tí òun lè gbà kọjá tí ẹnìkan kò ní dá òun mọ̀.